Ejìnrìn àti Ìka Bàbá Fáìzàh

Ojú Ore, Ọ̀tà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2024

Fáìzàh ọmọ mi,

Àsàlámù aléékún. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù Hull ńkọ́, ṣé ẹ ti ń rí oòrùn díẹ̀díẹ̀? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Má bínú pé n kò gbé fóònù rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé lẹ́tà ni èmi àti ìwọ yóò máa kọ síra wa báyìí. Lórí fóònù, kí n tó sọ pé báwo ni, o ti ń bi mí léèrè iye ìgbà tí mo tọ̀ lóru, bíi pé ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí o ń tọ́jú lọ́hùn-ún ni mí. Nínú lẹ́tà, o gbọ́dọ̀ kí mi ná. Naimat tó ń ta káàdì fóònù níwájú ilé wa ló ń ya fọ́tò rẹ̀, òun ló sì ń fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àfi pé ó máa ń kà á tán kó tó fi ránṣẹ́, nítorí náà má kọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

Olúwafúnmiláyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ, ti mú ẹ̀rọ ṣúgà dé. Ọmọ dáadáa ni. Ó jókòó, ó mu omi, ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ kékeré gún orí ìka, tí a ó kan ẹ̀jẹ̀ mọ́ pépà tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀rọ yóò sì gbé nọ́ńbà jáde. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ọlọ́hun yóò san án fún ọ.

Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀. Òjò ti dé, ejìnrìn sì ti yọ. O ṣì rántí ejìnrìn, àbí Hull ti gbà á lórí rẹ? Ewé tó ń fà kiri lára igi yẹn ni, tí èso rẹ̀ máa ń pọ́n, tí yóò là fúnra rẹ̀, tí ẹ̀yin ọmọdé yóò máa lá nǹkan pupa inú rẹ̀. Òun ni mo fún sínú omi, tó ń hó bí ọṣẹ, tí ìyá rẹ fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí gbogbo ara rẹ sú tí o ń fi ògiri yún ẹ̀yìn. Òun náà la fi lé ibà rẹ lọ, òun la sì fi pa aràn inú àbúrò rẹ. Kì í ṣe èyí tó fà mọ́ wáyà àwọn ilé iṣẹ́ ni mò ń já o, ìyẹn ti mu èéfín yó. Èmi àti Akíndé máa ń wọ inú igbó kékeré tó kù lẹ́yìn ilé iṣẹ́ irin tí a ti fẹ̀yìn tì, lábẹ́ igi, níbi tí ilẹ̀ tutù. Inú ìkòkò kan náà la ti jọ ń mu ún, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Ó korò dé ẹ̀yìn etí. Bí ṣúgà bá tilẹ̀ wà lára mi, kò ní lè gbé inú ìkorò bẹ́ẹ̀.

Fi pépà sí i ránṣẹ́, èyí tó wá kò pọ̀. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Akíndé ní o kì í béèrè òun, ó sì dun òun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmọ̀dá.


Hull
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wàálékùn sàlámù. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojúlọ́nà, ẹ kú òjò. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé Màámi wà? Mo kí Bàbá Akíndé gan-an, ẹ sọ fún wọn pé mò ń béèrè wọn. Mo kí Naimat tó ń ka lẹ́tà wa. Naimat, o ṣeun o.

Mo ti kí yín tán. Ìgbà mélòó lẹ tọ̀ lóru àná?

Bàbá mi, ẹ má bínú, Màámi sọ fún mi pé ẹ ń mu omi bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé láti Ìdírókò, àti pé èèrà ń ṣù síbi tí ẹ bá tọ̀ sí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, bàbá Rùkáyátù, nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ní òùngbẹ ni, lẹ́yìn náà ọgbẹ́ kékeré lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gé ẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi sin wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń ṣọ́ bàbá àwọn ẹlòmíràn níbí ní gbogbo ọjọ́, bàbá tèmi sì wà lọ́dọ̀ ejìnrìn.

N kò bú ejìnrìn o. Mo mọ̀ pé ó gba ara mi lọ́wọ́ èéyún, mo sì gbọ́ pé ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe lágbára tó nínú ife yín, kò sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyí: láràárọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu, ẹ gún ìka yín, kí Naimat ya fọ́tò nọ́ńbà náà. Bó bá ju méje lọ, ọsibítù ni, láìjanpata. Pépà wà lọ́nà, mo ti kó o fún ẹni tó ń kó ẹrù wá sí Sàngó. Ìbọ̀sẹ̀ Màámi wà nínú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Fáìzàh.


Ojú Ore, Ọ̀tà
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 2024

Fáìzàh ọmọ mi,

Àsàlámù aléékún. A rí ẹrù gbà. Ìyá rẹ ti wọ ìbọ̀sẹ̀ náà nínú ooru yìí, ó ní ọmọ òun ló rà á, òun ò ní bọ́ ọ.

Inú rẹ yóò dùn sí nọ́ńbà. Ti ìjẹta, 5.1. Ti àná, 5.4. Fọ́tò rẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ṣé o rí iṣẹ́ ejìnrìn? Kí o sọ fún àwọn dókítà Hull.

Kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó. Ilé iṣẹ́ irin ti gba sìkíọ́rítì tuntun, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy. Ó bá èmi àti Akíndé lábẹ́ igi, ó ní, “Oga, wetin una dey find for inside bush?” Akíndé ní oògùn ni. Ó wo ewé ọwọ́ wa, ó ní, “Two big men, na grass una come thief?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo fi ọdún tó pọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò jí ìṣó kan. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń họ apá rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo fún ejìnrìn sórí rẹ̀, mo ní kó máa fi wẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, apá ti tutù, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì fún wa. Ó ní òun náà fẹ́ kí a gún ìka òun.

Pépà ti tán. Fi sí i ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀.

Bàbá rẹ,
Àmọ̀dá.


Hull
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé.

Mo dúpẹ́ fún fọ́tò. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé làálì?

Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.1 lé làálì dé ọrùn ọwọ́, òdòdó ni wọ́n yà sí i. Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.4 nípọn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bàbá Akíndé ni ìyẹn, mo mọ ọwọ́ wọn, wọn kì í yé tú jẹnẹrétọ̀ kiri. Ìka tiyín, bí mo bá fọ́jú n ó mọ̀ ọ́n. Irin ti gé orí èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò yín kí n tó wọ ilé ìwé.

Pépà tí mo kó ránṣẹ́ yẹ kó tó yín dé oṣù kẹjọ. Bàbá mi, ìka ta ni ẹ ń gún níbẹ̀? Ta ni mò ń tọ́jú láti Hull?

Fáìzàh.


Ojú Ore, Ọ̀tà
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, 2024

Fáìzàh,

Èmi ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ ti lọ kírun, Naimat ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti mú kó búra pé kò ní sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn dé, bàbá rẹ dìde ní mọ́sálááṣí lẹ́yìn ìrun. Ó ní ọmọ òun fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba, òun sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́hun pé sàráà ni, kí gbogbo ènìyàn wá wọn ṣúgà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa fi ṣàdúrà fún ọ. Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ló ń gbé àga síta, yóò wọ jígí ojú, yóò ní “Bìsìmílà”, yóò gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ tuntun ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan o, ìyẹn ò ṣì í lọ́wọ́. Bí nọ́ńbà bá jáde, yóò pè é sókè, gbogbo wọn yóò ní kí Ọlọ́hun gbé Fáìzàh ga. Hajarat, ìyàwó tuntun àdúgbò wa, ló ni làálì tí o rí. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga, bàbá rẹ yóò lé e lọ sí ọsibítù, kò ní jẹ́ kó jókòó. Àwọn méjì ti lọ, wọ́n sì ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, òun ńkọ́? Ó ní ẹni tó fi nǹkan jẹ́jẹ̀ẹ́ sàráà kì í jẹ nínú rẹ̀. Mo ní ẹran ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun ní kéwú. Ó ní kò burú bí òun bá fi nọ́ńbà Akíndé ránṣẹ́, pé ẹgbẹ́ ni àwọn, inú ìkòkò ejìnrìn kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti ń mu.

Fáìzàh, ohun tó mú mi kọ ọ́ nìyí. Ó ní ọgbẹ́ kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Bàtà ló gé e, kò tóbi. Ó ń fún omi ejìnrìn sí i láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò jinná. Mo rántí bàbá Rùkáyátù, n kò sì lè jẹun.

Ìbọ̀sẹ̀ náà dára.

Ìyá rẹ,
Àdìzát.


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Mo ti gbọ́ nípa sàráà, mo sì ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀. Ẹ má bi mí pé lẹ́nu ta ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ ń lé àwọn ènìyàn lọ sí ọsibítù nítorí nọ́ńbà, ẹ̀yin sì jókòó sórí àga pẹ̀lú ọgbẹ́. Inú ń bí mi, n kò ní purọ́.

N kò ní fi pépà ránṣẹ́ mọ́. N kò ní kọ lẹ́tà mọ́, títí n ó fi rí nọ́ńbà láti ọwọ́ tí irin gé lórí. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín, n ó kà á, n kò ní dáhùn.

Fáìzàh.


Ojú Ore, Ọ̀tà
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà, 2024

Fáìzàh ọmọ mi,

Àsàlámù aléékún. Mo kí ọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ò kí mi dáadáa.

Ṣé sàráà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀? Àdúrà tí wọ́n ti ṣe fún ọ ní mọ́sálááṣí wa, ọmọ gómìnà ò rí i gbà. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún ọ lóṣù tó kọjá, ta lo rò pé ó bá ọ gbà á? Ààfáà fúnra rẹ̀ na ìka, ó sì dárúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Bí mo bá wá gún ara mi níbẹ̀, kí ni wọ́n máa sọ? Wọn á ní Àmọ̀dá gbé sàráà síta, ó tún bu tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Mo ti yí ejìnrìn padà, èyí tó wà nísàlẹ̀ igbó lẹ́bàá odò ni mò ń já báyìí, ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lucy ló ń bá mi gbé àpò.

Dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ,
Àmọ̀dá.


Ojú Ore, Ọ̀tà
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, 2024

Fáìzàh,

Mo ní bóyá fọ́tò lẹ́tà tó kọjá kò wọlé. Naimat ní ó wọlé, ó ní o ti kà á, pé ó rí àmì búlúù. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ ló ń parọ́. Ó ní kì í parọ́.

Lójoojúmọ́ ni mò ń yọjú sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti gbé àpótí kan síta fún mi kí n máa fi jókòó. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Àwọn tó ń kọjá lọ sí Ìyànà Ìyesí ti ń kí mi bí ẹni tó ń bá a tajà.

Bàbá rẹ.


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje, 2024

Bàbá mi Akíndé,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má bínú pé n kì í béèrè yín tó.

Ẹ̀rọ ṣúgà tuntun wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù ní Sàngó, òun àti pépà àti abẹ́rẹ́. Orúkọ yín ni mo kọ sára páálí rẹ̀. Mo fi ta yín lọ́rẹ, kì í ṣe ti Bàbá mi, wọn kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan lé e lórí. Ohun tó bá sì jẹ́ tiyín, ẹ lè fi ṣe sàráà fún ẹni tó bá wù yín.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ Àmọ̀dá. Ẹ ya fọ́tò ìka náà fún mi.

Ọmọ yín,
Fáìzàh.


Ojú Ore, Ọ̀tà
Ogúnjọ́, oṣù keje, 2024

Fáìzàh,

Mo gbọ́ ìkíni rẹ, ó sì tó. Èmi kì í ṣe akọ̀wé bíi bàbá rẹ, n ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ bá a lánàá lórí àpótí níwájú ìsọ̀ Naimat. Mo ní, “Àmọ̀dá, mo wá ṣe sàráà.” Ó ní kí n lọ ṣe é fún aláìní. Mo ní, “Aláìní wo ló tún ju ìwọ lọ, tí ọmọ rẹ kì í kọ lẹ́tà sí?” Ó ní a kì í kọ sàráà. Ó na ọwọ́ òsì, mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ fẹ́ rí. Mo gún ìka tí irin gé, awọ ibẹ̀ ti le, ẹ̀jẹ̀ ò yọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ejìnrìn ti sé e mọ́bẹ̀. Mo gún èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà yìí ó fi ọwọ́ kejì di apá mi mú, kò sì jẹ́ kó lọ.

19.6. Òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní ẹ̀rọ tuntun ni, bóyá kò tíì mọ Ọ̀tà. A gbé ti tẹ́lẹ̀ jáde, mo fi pépà tèmi sí i. 19.4. Ìyá rẹ ti wọ ìbòrí, mo ti dá mọ́tò dúró. Wọ́n ti dá a dúró ní ọsibítù. Wọ́n ní ẹsẹ̀ náà ṣì ṣeé tọ́jú, pé ká dúpẹ́ pé a tètè dé. Fọ́tò ìka nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dà mí láàmú. Bàbá rẹ gbà pé ohun tí ejìnrìn ṣe lára mi ló ń ṣe lára òun. Fáìzàh, láti ìgbà òjò àkọ́kọ́, ìdí ògiri ni mò ń da tèmi sí tó bá ti yíjú. Ó ti korò jù. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Akíndé.


Ojú Ore, Ọ̀tà
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, 2024

Fáìzàh ọmọ mi,

Àsàlámù aléékún. Mo ti dé ilé láti ọjọ́ ẹtì. Ti àárọ̀ yìí jẹ́ 9.8. Nọ́ńbà náà kò dára, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìka mi ni o, wò ó dáadáa, kò sí làálì níbẹ̀.

Dókítà bi mí ohun tí mo ń lò. Mo sọ fún un nípa ejìnrìn, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà ń mu ún. Ó ní bí mo bá dà á pọ̀ mọ́ oògùn tí òun kọ fún mi, ṣúgà lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n ṣubú sójú títì, nítorí náà kí n fi mímu sílẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ kan ọgbẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń di ẹsẹ̀ náà, ó ti ń pa ojú dé. Èyí tó wà nílé, àwọn ọmọdé àdúgbò ni a óò máa fi wẹ̀ bí ara wọn bá sú. Akíndé ti jẹ́wọ́ fún mi. Mo lọ wo ìdí ògiri náà. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀. N kò tíì dárí jì í.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, mo ti ní kí Naimat dijú nígbà tó bá ń ya á. O rò pé abẹ́rẹ́ ni mò ń sá fún, àbí ẹ̀jẹ́. Mo fi ẹ̀jẹ́ bojú ni. Láti ìgbà tí òùngbẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe mí. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, Kánò ni Rùkáyátù wà, a kò sọ fún un. Bó bá pè, a ó ní bàbá rẹ̀ ń sùn. Mo máa ń rò ó pé ó kéré tán, ọmọ náà fojú ba oorun títí ó fi parí. Bí mo bá gún ìka mi, tí mo rí nọ́ńbà, ìwọ náà á rí i. O dá wà níbẹ̀, o ò ní ẹni tí yóò gbá ọ mọ́ra. Mo fẹ́ kí o máa sùn.

Bàbá rẹ,
Àmọ̀dá.


Hull
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wàálékùn sàlámù. Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Mo kí Màámi, mo kí Bàbá Akíndé, ẹ dárí jì wọ́n nítorí tèmi. Naimat, mo mọ̀ pé o ò dijú.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì ní láti lọ dúró sínú yàrá tí a ń kó aṣọ sí kí ẹnikẹ́ni má rí mi. 9.8 ń sọ̀kalẹ̀, ó dára. Ẹ má fo oògùn kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi Rùkáyátù sọ nǹkan kan fún mi ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn, n kò sọ ọ́ fún yín rí. Wọ́n ní lóòótọ́, àwọn sùn dáadáa ní gbogbo òru yẹn ní Kánò. Wọ́n ní àwọn òru náà gan-an ni kì í jẹ́ kí àwọn sùn mọ́.

Ẹ má fún mi ní irú oorun bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, ì báà dára, ì báà burú, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi. Bó bá burú, ẹ jẹ́ kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi níbí, kí n máa ṣàníyàn yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọ yín ni mí, ẹ̀tọ́ mi ni.

Fáìzàh.